Ojú Èèyàn Lórí Ọmọrí Àgbá

Nọ́ńbà ni Rakiatou Olútúndé kọ́kọ́ fi ọ̀dà kọ láyé rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Alidou, ni àwọn onímọ́tò ní Vridi, ní Abidjan, máa ń pè wá kọ orúkọ àti nọ́ńbà sára ọkọ̀ àgbépo àti sára àgbá, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Tí iléèwé bá ti gba ìsinmi, bàbá á mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání, á ki búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á ní, "Mú ọwọ́ rẹ dúró. Ẹni tó ń sáré kọjá lójú títì gbọ́dọ̀ lè kà á."

Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé Bàbá Alidou fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé kà. Èjìgbò ló ti wá sí Abidjan lọ́dún 1961, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà, kò sì jókòó ní kíláàsì rí. Àmọ́ bí ẹ bá kọ lẹ́tà sórí ìwé fún un, á wò ó bí ẹni ń wo ojú èèyàn, á sì kọ ọ́ sára irin kó gún régé ju bí ẹ ṣe kọ ọ́ lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Rakiatou ti jogún ojú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti jogún ọwọ́.

Inú agbo ilé ńlá kan ní Marcory ni wọ́n ń gbé, irú èyí tí wọ́n ń pè ní cour, tí yàrá yí ká, tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà láàrin. Georgette ni yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Àwọn òbí rẹ̀ ti Kétou wá ní ilẹ̀ Bénin. Irun ló ń dì, kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Exaucé lorúkọ rẹ̀. Lẹ́nu géètì ni ṣọ́ọ̀bù Kassim télọ̀ wà. Ẹ̀yà Dioula ni Kassim, àríwá ilẹ̀ náà ló ti wá, ṣùgbọ́n ó ti bá wọn gbé pẹ́ débi pé Yorùbá ló fi ń bú àwọn oníbàárà tí kò bá tètè wá gbé aṣọ wọn.

Lọ́dún 1999, Rakiatou ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní iléèwé kan ní Cocody, àdúgbò àwọn olówó. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìlú ló ká a lára nígbà yẹn. Àwòrán tó ń yà, ọkọ̀ àwọn apẹja lórí ọ̀sà ni, oòrùn ń wọ̀, igi àgbọn ń tẹ̀ sọ́tùn-ún. Àwọn tó ń gbé inú vílà fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba lóṣù Décembre ọdún náà, ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Cocody dé Marcory torí pé kò sí ọkọ̀, ohun tó sì dùn ún jù ni pé wọ́n sún ìdánwò rẹ̀ síwájú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ èyí fún àwọn akọ̀ròyìn nígbà tó yá, kò fi bò: "Orí ọ̀sà ni mo wà. Mi ò tíì gúnlẹ̀."

Ohun tó mú un gúnlẹ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2001. Ní àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò, ti gba gbogbo ẹnu. Bàbá Alidou ń ti Vridi bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jimọ̀ kan nígbà tí àwọn kan tó wọ aṣọ ìjọba dá bọ́ọ̀sì wọn dúró. Àgbá epo ni wọ́n tò dí ọ̀nà, ohun tí gbogbo Abidjan ń pè ní barrage. Bàbá mọ àwọn àgbá náà dáadáa. Lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ ló wà lára méjì nínú wọn.

"Le vieux, arúgbó, káàdì rẹ dà?" ni ọ̀kan nínú wọn béèrè.

Ó mú carte de séjour rẹ̀ jáde, káàdì tí ìjọba ń fún àlejò tó ń gbé ìlú.

"Ọdún mélòó lo ti lò níbí?"

"Quarante ans," ni Bàbá dáhùn. Ogójì ọdún.

"Ogójì ọdún, o ò tíì mọ ọ̀nà ilé rẹ?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ya káàdì náà sí méjì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì kó o lé bàbá lọ́wọ́, bí ẹni ń ta èèyàn lọ́rẹ.

Ẹsẹ̀ ni Bàbá fi rìn délé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò bọ́ bàtà. Ìyá Rakiatou gbé omi fún un, kò mu ún. Nígbà tó pẹ́, ó yọ ìdajì méjèèjì lápò, ó gbé wọn lé itan.

"Ẹ jẹ́ ká wá nǹkan fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀," ni ìyá wí.

"Má lẹ̀ ẹ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Tí a bá lẹ̀ ẹ́, a ó gbàgbé."

Rakiatou tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu òun. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n yà yín."

"Èmi? Pẹ̀lú ojú mi tòní yìí?"

"Ojú tòní yìí gan-an ni mo fẹ́."

Kò yà á sórí aṣọ tí wọ́n ń lò ní Cocody. Ó gba Vridi lọ lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá àwọn tó ń ta àgbá àlòkù, ó sì gba ọmọrí àgbá kan tí etí rẹ̀ ti dípẹtà. Ó fọ̀ ọ́, ó ha á títí tó fi dán, ó wá fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù nínú agolo bàbá rẹ̀ yà á: orí tó ti ń hewú, bàtà tí eruku bò, ọwọ́ méjì tó di káàdì mú, ìdajì lọ́tùn-ún, ìdajì lósì. Nígbà tó parí, ó kọ gbólóhùn kan sórí ìwé, ó ní kí bàbá bá òun kọ ọ́ yí etí ọmọrí náà ká.

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín sọ ni, Bàbá. 'Tí a bá lẹ̀ ẹ́, a ó gbàgbé.'"

 Bàbá Alidou ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà funfun, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí Rakiatou gbé e dé Cocody, olùkọ́ rẹ̀ yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. "Ó dára," ló sọ níkẹyìn. "Ó dára ju gbogbo ohun tó o ti ṣe lọ. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ta ni wọ́n máa gbé e kọ́ sí?"

"Mi ò tíì mọ̀, monsieur."

Òtítọ́ ni, kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò padà sórí ọ̀sà mọ́.

Bí ogun ṣe dé lọ́dún 2002 tó pín ilẹ̀ náà sí méjì, ìjọba ní gúúsù, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní àríwá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá Rakiatou wá. Obìnrin kan wá tí wọ́n lé kúrò nílé torí orúkọ tí ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Awakọ̀ kan wá tó ní òun ò lè gba ọ̀nà kan kọjá mọ́ láìjẹ́ pé ara òun ń gbọ̀n. Olùkọ́ iléèwé kan tó sá ti Bouaké bọ̀ wá, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ló pa àbúrò tirẹ̀. Ó ní bóyá Rakiatou kò ní í gba òun torí pé ẹ̀yìn ìjọba lòun wà. Rakiatou fa àga fún un. Kì í béèrè ẹ̀yìn ẹni téèyàn wà. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ẹni náà jókòó síwájú òun, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kó sì yan gbólóhùn kan tó fẹ́ kí wọ́n kọ yí etí ọmọrí ká. Bàbá Alidou ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Kó tó kọ ọ̀kankan, á ní kí ọmọ òun kà á sí òun létí, á sì béèrè pé, "Ṣé bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyí? O ò fi iyọ̀ sí i?"

Àwọn tó ní ilé ìpàtẹ àwòrán ní Cocody kò gbà á. Obìnrin kan níbẹ̀ sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé òṣèlú ni, òun sì ní ọmọ. Rakiatou bá kan ìṣó mọ́ ògiri cour wọn, ó gbé àwọn ọmọrí náà kọ́. Bí èèyàn bá ti wọlé láti wá di irun lọ́dọ̀ Georgette tàbí láti wọn aṣọ lọ́dọ̀ Kassim, ojú èèyàn bí ọgbọ̀n ló máa kọ́kọ́ kí i.

Lọ́dún 2004, lọ́sàn-án gangan, àwọn ọkùnrin mẹ́fà kan tí ẹnikẹ́ni kò dá mọ̀ ya wọ inú cour. Wọ́n ní ilé àwọn tó ń ba ìlú lórúkọ jẹ́ nìyí. Wọ́n já ọmọrí mọ́kànlá lára ògiri, wọ́n jù wọ́n sójú títì, mọ́tò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí wọn kọjá.  Georgette ló sáré jáde, ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sáàrin títì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń pariwo, "Ẹ dúró! Èèyàn lẹ ń gùn mọ́lẹ̀ yẹn!" Àwọn táksí aláwọ̀ ọsàn dúró. Òun àti Kassim ló ṣa àwọn ọmọrí náà, tí wọ́n gbé wọn wọlé bí ẹni gbé aláìsàn.

Ìyá Rakiatou sunkún lọ́jọ́ yẹn, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, ó tó. Ṣé ìwọ nìkan lo máa tún ayé ṣe ni?"

"Ìyá, mi ò tún ayé kankan ṣe. Àwọn èèyàn ló ní kí n yà àwọn."

"Tí wọ́n bá pa ọ́ ńkọ́?"

 Rakiatou ṣá gbé àwọn ọmọrí mọ́kànlá padà sórí ìṣó, wíwọ́ tí wọ́n wọ́ náà ló gbé wọn kọ́, kò fi òòlù nà wọ́n.

Àwòrán àwọn ọmọrí wíwọ́ yẹn ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Akọ̀ròyìn kan yà wọ́n sínú ìwé ìròyìn, wọ́n pè é lọ sí Dakar, wọ́n pè é lọ sí Ouagadougou. Ní Dakar, wọ́n kọ "ayàwòrán ọmọ Côte d'Ivoire" síwájú orúkọ rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lápò rẹ̀, torí pé bí wọ́n tilẹ̀ bí i sí Marcory, wọn ò kà á sí ọmọ ilẹ̀. Nígbà tó sì lọ kí àwọn ẹbí ní Èjìgbò, "ọmọ Abidjan" ni gbogbo wọn ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín títí nígbà tó ń rò ó fún bàbá rẹ̀. "Bàbá, ibi tí mo bá dé, ibòmíràn ni wọ́n ní mo ti wá."

"Ìyẹn dára," ni bàbá wí. "Ẹni tí kò ní ẹ̀gbẹ́ kan lè wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì."

Nígbà tí ìbò ọdún 2010 ń bọ̀, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú wá bá a, àwọn ti ọ̀tún wá, àwọn ti òsì náà wá. Gbogbo wọn ló fẹ́ kó ya ojú ọ̀gá àwọn. Èsì kan náà ló fún wọn: "Ẹni tí mo bá ń yà, òun fúnra rẹ̀ ló máa jókòó síbí, á sọ ohun tó ṣe àti ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ṣé ọ̀gá yín á lè jókòó?" Kò sẹ́ni tó padà wá.

Lẹ́yìn ìbò, èèyàn méjì ló ní àwọn ni ààrẹ, ìlú sì gbaná. Lóṣù Mars 2011, barrage pọ̀ ní Abidjan ju oríta lọ. Ìgbà yìí, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó wà lẹ́yìn ààrẹ tó wà lórí oyè ló ń ṣọ́ wọn. Èyí tó wà ní igun títì wọn ní Marcory, Exaucé ọmọ Georgette wà níbẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò ríṣẹ́ ṣe láti ìgbà tó ti jáde ní lycée, iléèwé girama, igi ló dì mú lọ́wọ́ bíi tàwọn yòókù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Kassim ń lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ka orúkọ rẹ̀ lórí káàdì, wọ́n rí i pé orúkọ ará àríwá ni, wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀ ni. Kassim tọ́ka sí Exaucé. "Ẹ bi í. Àdúgbò kan náà ni wá. Ó mọ̀ mí."

Wọ́n yíjú sí Exaucé. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Aṣọ iléèwé àkọ́kọ́ tí Exaucé wọ̀ láyé, Kassim ló rán an.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ni Exaucé wí.

Wọ́n lu Kassim débi pé apá rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́ níbi méjì. Bàbá Alidou àti Rakiatou ló lọ gbé e nígbà tí àwọn tó lù ú ti ṣí lọ síwájú. Láti ọjọ́ yẹn, apá náà kò nà tán mọ́, kò sì lè gbé sísọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tí ogun parí lóṣù Avril, tí ààrẹ kejì gba ìjọba, Exaucé pòórá. Georgette kò di irun ẹnikẹ́ni mọ́, kì í sì í wo ojú ará cour. Lóṣù Juillet, Rakiatou ń ha ọmọrí kan lẹ́yìn ilé nígbà tó gbọ́ tẹ́nì kan hú ikọ́. Exaucé ni, ó ti rù hangogo.

"Tantie," ló wí. Yorùbá rẹ̀ kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, gbígbọ́ ló ń gbọ́ ju sísọ lọ. "Tantie, mo fẹ́ kí ẹ yà mí."

 Ohun tó fi ń ha irin ṣì wà lọ́wọ́ Rakiatou. "Ìwọ? Pẹ̀lú àwọn tí irú ẹ fi igi nà? Ó tì o. Jáde!"

Exaucé kò jáde. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá lè jókòó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dá a dúró. Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò fi ọwọ́ kan ọ̀dà. Ìyá rẹ̀ ní tó bá ya ọmọ náà, òun á kó ẹrù òun lọ sí Èjìgbò. Bàbá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan ju pé, "Kì í ṣe èmi lo máa bi. Lọ bi ẹni tó ni apá."

Ó lọ bá Kassim ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá a níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ maṣíìnì. Ó rò gbogbo rẹ̀ fún un. Kassim kò gbójú sókè títí tó fi rán ibi tó ń rán dé òpin.

"Kí ló fẹ́ sọ?"

"Mi ò tíì bi í, Tonton," ni Rakiatou wí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin ní Abidjan.

"Kó wá sọ ọ́ níbi tí èmi náà ti máa gbọ́. Tó bá purọ́, fi ọ̀dà dúdú bo ojú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí tí àwọn mẹ́rin fi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta: Exaucé lórí àga, Kassim lórí àpótí níwájú rẹ̀, Rakiatou pẹ̀lú ọ̀dà, Bàbá Alidou lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.  Nígbà tí Exaucé bẹ̀rẹ̀, Faransé àti Yorùbá ló ń lú mọ́ra wọn lẹ́nu rẹ̀.

"Tí mo bá ní mo mọ̀ ọ́n, wọ́n máa bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ní kí n mú káàdì tèmi jáde. Ará Kétou ni grand-père mi. Wọn ò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa mọ̀." Ó nu imú. "Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo dúró, mo ń wò. Tonton, mo mọ̀ yín. Mo mọ̀ yín láti kékeré."

 Kassim dìde, ó fi apá tó dára ti ara rẹ̀ sókè.

"Mo gbọ́," ló wí. "Mi ò sọ pé mo dárí jì ọ́ o. Mo gbọ́ ni mo sọ." Ó yíjú sí Rakiatou. "Yà á. Kó o gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èmi."

Ọjọ́ mẹ́fà ni Rakiatou fi yà á, òun ló sì máa ń sọ pé kò síṣẹ́ tó le tó o rí, torí pé ní gbogbo ìgbà ni ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ sọ ojú náà di ojú ìkà, ó sì ní láti dá ọwọ́ náà lẹ́kun. "Mi ò mọ̀ ọ́n" ni Bàbá Alidou kọ yí etí rẹ̀ ká.

Lóṣù Août, oṣù kẹjọ, ọ̀gá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rípò nínú ìjọba tuntun wá wo àwọn ọmọrí náà. Gbọ̀ngàn ńlá kan wà ní Cocody, wọ́n fẹ́ kó gbogbo ọmọrí náà síbẹ̀ fún ìrántí àwọn tí ìyà jẹ. Orin ni ọ̀rọ̀ náà létí Rakiatou. Láti ọdún mẹ́wàá ló ti ń retí ilẹ̀kùn kan ní Cocody tó máa ṣí. Ọ̀gá náà ń wò wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí, títí tó fi dé ti Exaucé.

"Èyí ńkọ́?"

Rakiatou ṣàlàyé.

"Yọ èyí. Yọ ti olùkọ́ ará Bouaké náà. Àwọn yòókù á lọ."

"Tí wọ́n bá máa lọ, gbogbo wọn ni, monsieur."

"Madame, ẹ rò ó dáadáa. Irú àǹfààní yìí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo ti rò ó. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: tó bá jẹ́ pé àwọn tó wà nídìí àkóso ṣáájú yín ló wá, ti bàbá mi ni wọn ì bá ní kí n yọ."

Ọ̀gá náà kí wọn, ó lọ. Gbọ̀ngàn Cocody bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Rakiatou wọ yàrá, ó sunkún dáadáa, ó bọ́jú, ó jáde wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìṣó kàn mọ́ ògiri cour.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta léraléra lóṣù Septembre ni àwọn èèyàn fi wá wo àwọn ọmọrí náà. Wọ́n ti Vridi wá, wọ́n ti Cocody wá, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ pàápàá wá, ó ti darúgbó. Kì í ṣe gbogbo wọn ni inú wọn dùn. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú sí barrage mú òkúta, ó sọ ọ́ lu ọmọrí Exaucé, irin náà sì dún gbọ̀ngànhùn. Àwọn kan fẹ́ dì í mú. Rakiatou ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nígbà tó sọ òkúta náà tán, Kassim gbé àpótí rẹ̀ fún un, obìnrin náà jókòó, kò sì lọ títí tí oòrùn fi yí. Ìyá Rakiatou tó ní òun á kẹ́rù lọ sí Èjìgbò ló ń bu omi fún àwọn èrò.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn, nígbà tí cour ti dá díẹ̀, ilẹ̀kùn Georgette ṣí. Ó wá síwájú àwòrán ọmọ rẹ̀, ó fi ìka tọ ibi tí òkúta ti gbá a ní kòtò.  Rakiatou rò pé ó fẹ́ ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni.

"Rakia, ṣé o ṣì ní ọmọrí nílẹ̀?"

"Mo ní, Màmá Exaucé."

"Yà mí."

Rakiatou gbé àga síbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé dára, Georgette sì jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Kassim wà lẹ́nu maṣíìnì nítòsí ibẹ̀, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀, ariwo rẹ̀ sì dákẹ́.

"Ojú fèrèsé tó kọjú sí títì ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ náà," ni Georgette wí. "Mo gbọ́ nígbà tí Kassim ní kí wọ́n bi ọmọ mi. Mo gbọ́ èsì tí ọmọ mi fún wọn. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mo ti ṣe é rí fún ọmọrí àgbá. Mi ò jáde."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Rakiatou gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná, ó fa àpótí súnmọ́ ọn, ó sì ń gbọ́.